Mo Ní Kí Bàbá Dúró Dè Mí ní Jarwal

Kí n tó mọ Bàbá rárá ni irọ́ ti wọ̀ mí lára. Àwọn ará ilé mi ní Ìwó rò pé mo ṣì ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò, tí ìkáámà mi, ìwé tó ń fún àjèjì láṣẹ láti gbé ìlú náà, sì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ń fọ ọkọ̀, mo ń gbá ilé ìtura, mo ń sá fún ọlọ́pàá.

Jẹ́dà ni mo ti wá rí iṣẹ́ tó dúró. Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ló gbà mí, pé kí n máa tọ́jú bàbá òun. Ó ní bàbá náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ kan kò gbé wọn mọ́, ìyá òun, ará Síríà, sì ti kú. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Mo wọlé, mo bá òyìnbó kan lórí àga, wọ́n fá irùngbọ̀n kodoro, wọ́n di bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn dé ọrùn, wọ́n nà tọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ̀ wò.

Mo kí wọn ní Lárúbáwá. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì bi mí pé níbo ni mo ti wá.

“Nàìjíríà ni, Bàbá.”

“Pólàǹdì ni tèmi,” ni wọ́n wí. “Ṣọ́jà ni mí.”

Wọn ò sọ pé àwọn ti jẹ́ ṣọ́jà rí. Wọ́n ní ṣọ́jà ni àwọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó rọ jọwọlọ lórí àga.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti kọ́kọ́ ṣẹ̀ wọ́n. Mo rí ìgò ńlá kan lẹ́yìn fèrèsé, kùkúmbà kún inú rẹ̀, omi rẹ̀ ti ń ho yọ́ọ́yọ́ọ́, ó ń rùn kíkan. Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo dà á nù, mo fọ ìgò náà mọ́ tónítóní, mo sì ń retí kí wọ́n yìn mí. Nígbà tí Bàbá rí ìgò òfìfo, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ títí ó fi tutù níwájú wọn. Ọmọ wọn ló sọ fún mi nígbà tó yá pé bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, pé iyọ̀ àti omi ni wọ́n fi ń mú un kan, pé òun nìkan ni oúnjẹ ìlú wọn tí wọ́n ṣì ń jẹ. Mo tọrọ àforíjì. Bàbá ní kí n lọ ra kùkúmbà mìíràn, kí n yan àwọn kéékèèké. Láti ọjọ́ náà, èmi àti wọn la jọ ń ṣe é.

Ìdí iṣẹ́ kùkúmbà yẹn ni wọ́n ti sọ ìtàn ara wọn fún mi, díẹ̀díẹ̀, fún bí oṣù mẹ́ta. Kápútẹ́nì ni wọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú wọn dìde sí ìjọba. Ìjọba kó ọmọ ogun sí ìgboro, wọ́n ní kí wọ́n múra láti fi ìbọn lé àwọn òṣìṣẹ́ náà kúrò ní ẹnubodè ilé iṣẹ́. Bàbá àti àwọn mẹ́ta tó wà lábẹ́ wọn pinnu ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn ò ní yìnbọn. Bí àṣẹ bá dé, àwọn yóò kó àwọn ọmọ ogun àwọn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Àṣírí tú. Ẹnìkan ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà pe Bàbá, ó ní wọ́n ń bọ̀ wá mú wọn.

“Fóònù wà lọ́wọ́ mi,” ni Bàbá wí. “Mo lè pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí mo bá pè wọ́n, ọkọ̀ ojú irin á fi mí sílẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ ọkọ̀.”

Wọ́n sọdá ẹnubodè Pólàǹdì, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dé Síríà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ afárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba Ìsìláàmù, tí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n tó kó wá sí Jẹ́dà. Ìjọba ju àwọn mẹ́ta yẹn sẹ́wọ̀n. Ọ̀kan kú síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba yẹn ṣubú, àwọn ará Pólàǹdì kọ̀wé sí Bàbá pé kí wọ́n wá gba àmì ẹ̀yẹ akọni. Wọn ò lọ. Wọn ò fèsì pàápàá.

Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lọ láì pè wọ́n.”

“Kí Ọlọ́run má fi dán ọ wò,” ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí ọ̀bẹ kùkúmbà.

Nínú ọkàn mi, mo ti ń fojú kéré wọn. Èmi tí mò ń parọ́ fún ìyá mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ wọn ń sún mọ́, Bàbá ní àwọn fẹ́ ṣe úmúrà, ìbẹ̀wò ìsìn sí Káábà, ná. Ọmọ wọn gba ilé fún wa ní àdúgbò Al-Aziziyah, ó fi ọkọ̀ gbé wa dé Mẹ́kà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ wọn yí Káábà ká. Wọ́n sunkún láìnu ojú. Mo gbà lọ́jọ́ náà pé inú mi dùn, mo sì rò pé Ọlọ́run ti ń tún ọ̀rọ̀ èmi náà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí àdúgbò Jarwal láti ra oògùn ìrora wọn tó tán. Ọ̀sán gangan ni. A kù díẹ̀ ká dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù oògùn náà ni mo rí ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì tó dí ọ̀nà níwájú, tí àwọn ọlọ́pàá ń dá àwọn èèyàn dúró, tí wọ́n ń gba ìwé wò. Mo tẹ̀ bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà síbi tó wà, nínú oòrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Bàbá.

“Bàbá, ẹ dúró dè mí níbí. Mò ń lọ ra omi.”

“Omi ṣì wà nínú báàgì,” ni wọ́n wí.

Mo ti kẹ̀yìn sí wọn. Mo rìn kọjá ilé méjì, lẹ́yìn náà mo sáré. Mi ò wẹ̀yìn.

Àdúgbò Al-Hujun ni mo sá lọ, sọ́dọ̀ Àlàájà kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fọ aṣọ ìhúráámù fún àwọn tó bá wá ṣiṣẹ́ ìsìn. Òun náà ò ní ìwé. Ó ti tó ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Mo ní ọlọ́pàá fẹ́ mú mi, mo sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kí mi kú oríire. Ó gbé ìrẹsì àti ẹran síwájú mi, mo sì jẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyí títí dòní: ebi ń pa mí, oúnjẹ náà sì dùn lẹ́nu mi. Fóònù mi ń dún. Ọmọ Bàbá ni. Mo pa á.

Nígbà tí a kírun Àsìrì tán, Àlàájà ní, “Ta ló ń pè ọ́ tó o fi pa fóònù?”

Mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe yà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó jókòó, ó tún dìde.

“O fi àgbàlagbà tí kò lè rìn sílẹ̀ nínú oòrùn Mẹ́kà?”

“Àlàájà, wọn ì bá mú mi.”

“Kí wọ́n mú ọ! Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ? Ilé ìyá rẹ náà ni wọ́n máa dá ọ padà sí!” Ó ti ń fa ìbòrí rẹ̀ sórí. “Dìde. Èmi náà ń bọ̀.”

Mo ní kó má wàhálà, pé òun náà ò ní ìwé. Ó ṣáájú mi jáde.

Nígbà tí a dé Jarwal, Bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Oníṣọ́ọ̀bù oògùn, ará Yámẹ̀n, wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ìwọ ni ẹni tó lọ ra omi?” Ó ní òun fẹ́ ti Bàbá wọ inú ibòji ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Bàbá ní rárá, pé ẹni àwọn ní kí àwọn dúró níbí, pé bí àwọn bá kúrò kò ní rí àwọn mọ́. Wọ́n dúró títí orí wọn fi tẹ̀ sórí àyà. Àwọn ọlọ́pàá yẹn gan-an ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Àlàájà bi í bóyá àwọn ọlọ́pàá ṣì ń yẹ ìwé èèyàn wò. Ọkùnrin náà ní ìwé èèyàn kẹ̀? Ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, àwọn tó ń gbé èrò láìgba àṣẹ ni wọ́n ń wá. Wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ọmọ wọn ti dé láti Jẹ́dà. Ojú rẹ̀ ti wú. “Bàbá ní àwọn ló rán ọ níṣẹ́, pé o ṣìnà,” ni ó wí. Mo wo ilẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó jáde lọ bá dókítà, Bàbá la ojú. Ètè wọn ti bó.

“Ṣé wọ́n mú ọ?”

“Wọn ò mú mi, Bàbá.”

“Àlìhámúdù lílàhì.”

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Mo ń retí kí wọ́n ní kò tó nǹkan. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀.

“Ó tó nǹkan,” ni wọ́n wí. “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò tó nǹkan. Àwọn èèyàn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi fún ogójì ọdún, kò ṣe mí láǹfààní kankan. Ṣùgbọ́n o padà wá. Èmi ò tíì padà.”

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ọmọkùnrin ẹni tó kú sẹ́wọ̀n yẹn. Wọn ò lè di kálàmù mú mọ́. Èmi ò gbọ́ èdè Pólàǹdì, nítorí náà wọ́n ń pe ábídí ọ̀rọ̀ náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àkọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́. Ojú ìwé méjì gbà wá ní ọjọ́ mọ́kànlá. Mi ò mọ ohun tí mo kọ. Mo kàn mọ ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Ìlà mẹ́rin péré ni. Bàbá kà á, wọ́n ká a, wọ́n ní kí n ti àwọn lọ sí etíkun. A pẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, mi ò sì bi wọ́n.

Kí Ramadáánì tó dé, Bàbá kú lójú oorun. Mo wà lára àwọn tó gbé wọn dé itẹ́ òkú. Lọ́jọ́ kẹta, bí a ṣe ń kó yàrá wọn, mo sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ Jarwal fún ọmọ wọn. Ó ń ká aṣọ ibora. Kò dáwọ́ dúró.

“Mo mọ̀,” ni ó wí. “Ará Yámẹ̀n yẹn ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ lé ọ. Bàbá ní bí mo bá lé ọ, àwọn ò ní jẹun.”

Ó wù mí kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní kí n di ìkángun bẹ́ẹ̀dì mú, ká gbé e sísàlẹ̀, nítorí àwọn tó fẹ́ gbà á ti dé.

Nígbà tí Ramadáánì parí, mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá àwọn aláṣẹ, mo sọ fún wọn pé mi ò ní ìwé, wọ́n sì dá mi padà sí Nàìjíríà. Ní pápákọ̀ òfurufú, ìyá mi ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹrù kù. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká jókòó ná. Mi ò parí ìwé.” Wọ́n jókòó sórí àga irin, èmi náà jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.