Ibi Tí A Fi Sílẹ̀ fún Àdàbà

Láti kékeré ni ara mi kì í ti í balẹ̀. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, màá ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó hó. Ọdún tí ogun Ìjàyè kó àwọn ọkọ wa lọ ló wá burú jù. Ní abúlé wa lẹ́bàá Ìrókò, ó ku obìnrin, arúgbó àti ọmọdé. Bí ẹ̀ka igi bá dá, gbogbo wa á yíjú sọ́nà.

Ìyá ọkọ mi ni olórin òrìṣà odò wa. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge ni wọ́n ti ṣe orin kan níbi tí wọ́n ti ń pọn omi láàárọ̀: bí omi ṣe ń gun òkúta kọjá, bí ọparun ṣe ń fara gbo ara. Àwọn nìkan ló ń kọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún, láìsí ìlù, láìsí ègbè. Lọ́dún yẹn, ikọ́ ti gba ohùn wọn.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí n tún un tò fún ẹnu púpọ̀.”

Wọ́n ní, “Tò ó, kí n gbọ́. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, á bá mi wọlẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ohùn wọn wúwo gba apá ti omi, àwọn ìyàwó tuntun gba ti ọparun, àwọn àgbà gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. A ń pa ẹkùrọ́, a ń kọ ọ́. Láàárín orin náà, ibì kan wà tí Ìyá máa ń dákẹ́ tí wọ́n á gbójú sókè. Mo rò pé èémí ló ń tán wọn. Èémí ènìyàn mẹ́wàá kì í tán lẹ́ẹ̀kan, mo bá fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ariwo dí ibẹ̀. Orí mi wú!

Nígbà tí a kọ ọ́ fún Ìyá lọ́ọ̀dẹ̀, wọ́n mi orí sí omi, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọparun. Bí a ṣe dé ibi tí mo dí, ojú wọn yí padà.

“Àdàbà ni mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Mo bi odò léèrè, mo dákẹ́ kí ẹyẹ dá mi lóhùn. Ìwọ ń béèrè, ìwọ náà ń dáhùn. Ìyàwó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo ní, “Bí àdàbà ò bá wá ńkọ́?”

“A ó dúró.”

“Títí dìgbà wo?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, létí odò, bí orin ṣe dé ibẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dákẹ́. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ kan ń sunkún, ẹnì kan ń para dà. Mo rántí ọkọ mi, mo rántí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà bọ̀. Mo la ẹnu láti pariwo. Ìyá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ gbígbẹ ni, àmọ́ kò ṣeé já.

Ó pẹ́. Àdàbà kan ké lódì kejì, ó tún ké. Àwọn obìnrin gba orin náà, omi sì bọ́ lójú mi.

Ìyá tú ọwọ́ mi sílẹ̀. “Tìẹ ni.”

A sin Ìyá kí iṣu tuntun tó jáde. Ọkọ mi ò tíì dé nígbà náà. Èmi ni mò ń ṣáájú orin náà báyìí. Bí a bá dé ibi tí a fi sílẹ̀ fún àdàbà, màá di ọrùn ọwọ́ ara mi mú.