Bàrákàt àti Àfárá Odò Ìsà

Bàrákàt kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ó kọ́kọ́ mọ èyí. Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n bí i sí, Òkèrèwè ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ní Ifẹ̀. Ìyá Sùmáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé ìròyìn jáde láti inú páàkì lọ bá àwọn ará abà.

Igbó tí ìjọba fi ààlà sí ni páàkì. Kò gba ìbọn, kò gba tàkúté. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn tó yí wọn ká mọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n tì. Ibi tí wọ́n fẹ́ sun koríko kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà wọgbó. Igi tí wọ́n fẹ́ gbìn, tí wọ́n ń wá alágbàṣe. Ọ̀bọ tó jáde, tó sì kọjú sí àgbàdo olóko. Nígbà mìíràn ìròyìn ayọ̀ ni: ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n so mọ́ igi rí àgbọ̀nrín àtọmọ rẹ̀.

Kí Bàrákàt tó gba iṣẹ́ yìí, ọkùnrin kan ló ń ṣe é. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jù. Yóò kí ọba, yóò kí ìjòyè, yóò kí ìyá ọlọ́mọ. Yóò ní igbó ni ẹ̀mí ayé, igbó ni ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa. Nígbà tí yóò bá fi dórí ọ̀nà tí wọ́n tì, oorun ti gbé àwọn àgbà lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ti lọ sídìí bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kọ ni Bàrákàt ń tà lẹ́nu géètì nígbà náà. Bí àwọn ará abà bá ń padà bọ̀, wọ́n á yà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kí ló dé gan-an, kí ni ọkùnrin yẹn wí. Yóò ní wọ́n fẹ́ sun koríko lápá òkè, kí wọ́n má gba ibẹ̀ títí iná yóò fi kú. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ra ẹ̀kọ, wọ́n á máa lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Tolúwalàṣẹ ni ọ̀gá páàkì. Ojú rẹ̀ ń tó èyí láti ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin ọ̀hún lọ síbòmíràn, ó pe Bàrákàt. Bàrákàt ní òun kò kàwé jìnnà. Ọ̀gá ní òun kò bèèrè ìwé, ẹnu ni òun ń wá.

Ọláwọlé, bàbá Bàrákàt, ra kòkó lọ́wọ́ àwọn olóko títí tó fi kú. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ pé bí ẹrù bá ti wà lórí òṣùwọ̀n, kí ó má fi ọwọ́ kàn án mọ́. Bí Bàrákàt ṣe ń mú ìròyìn náà nìyẹn. Kì í fi ọwọ́ kàn án.

Àwọn gáàdì mú ẹnì kan rí tó dẹ tàkúté sínú páàkì. Páàkì kò dárúkọ ẹni náà. Àwọn ará abà bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn níwòkuwò, oníkálukú ń fura sí ọmọ aládùúgbò. Bàrákàt dìde láàárín wọn, ó ní, "Ẹni tí wọ́n mú, àbúrò ọkọ mi ni. Ẹ má wo ọmọ ẹlòmíràn mọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Bàrákàt yóò gbé e kalẹ̀, yóò gbé e kúrò. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bá a jà. Nígbà tó yá, ọkọ jẹun.

Abà méjì ló sún mọ́ odò Ìsà tó wà nínú páàkì. Abà Adésọjí wà lórí òkè, ọmọ Ifẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Abà Ọ̀ṣúndáre wà ní kòtò, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni tiwọn. Ìjà àtijọ́ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti parí. Wọ́n ń ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí àwọn àgbà ìhà méjèèjì kì í gbójú fò: ta ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹni tí ìròyìn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, yóò gbà pé wọn kò ka òun sí. Bàrákàt mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúró níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó, níbi tí abà méjèèjì ti ń pàdé. Bí ìhà kan kò bá tíì dé, kò ní la ẹnu. Wọn ì báà pariwo, wọn ì báà ní oòrùn ń pa àwọn.

Nígbà ìkórè kòkó tó kọjá, òjò kan rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Odò Ìsà kún. Ó wọ́ ìtì igi kan wá, ìtì náà sì lọ kọlu òpó àárín àfárá pákó. Àfárá yìí ni àwọn ará abà méjèèjì fi ń dé oko kòkó wọn lódìkejì. Àwọn bàbá wọn ló gbin kòkó náà kí ìjọba tó fi ààlà sígbó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀gbẹ́ni Tolúwalàṣẹ fúnra rẹ̀ bá àwọn gáàdì lọ wò ó láàárọ̀. Bàrákàt wà lẹ́yìn wọn. Bí èèyàn bá wò ó láti òkè, kò sí nǹkan tó ṣe é. Pákó rẹ̀ pé. Ìgbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n rí i pé òpó àárín ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ títí káfíńtà yóò fi dé.

Bàrákàt bi í pé kòkó àwọn èèyàn ńkọ́. Wọ́n ti fọ́ ọ, wọ́n ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lódìkejì. Bí wọn kò bá tètè yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, yóò bàjẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n gba ọ̀nà mọ́tò tó wọlé láti géètì ńlá. Wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kadà wọ ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀, òun ti ṣí i fún wọn.

Ibẹ̀ ni Bàrákàt ti ṣe àṣìṣe. Ó mọ̀ pé àwọn olóko yóò tètè jáde. Kíkó wọn jọ yóò pẹ́. Ó mú fóònù, ó sọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí abà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lórí Wáásáàpù. Ó rò pé fóònù kì í ṣe ojúsàájú. Ó gbàgbé pé kòtò ni Abà Ọ̀ṣúndáre wà. Bí òjò bá ti rọ̀, nẹ́tíwọ̀kì kì í dé ibẹ̀.

Abà Adésọjí gbọ́. Adéagbo, ará ibẹ̀ kan tó fẹ́ràn àwàdà, pàdé àwọn ará Abà Ọ̀ṣúndáre lọ́nà oko. Ó bi wọ́n bóyá odò ni wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀, tí wọ́n kọrí síbẹ̀. Ó ní Bàrákàt ọmọ wọn ti sọ fún àwọn ní Abà Adésọjí látàárọ̀ pé àfárá ti di títì. Ẹ̀rín ló ń rín. Àwọn yẹn kò rín in. Wọ́n padà sílé, wọ́n rò ó fún Baálẹ̀.

Baálẹ̀ Ọ̀ṣúndáre ti dàgbà. Ọ̀rẹ́ Ọláwọlé ni, ó ti gbé Bàrákàt sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan fún òun. Ó ní àfárá tí wọ́n tì lẹ́nu aláwàdà, kò tíì di títì. Ẹlòmíràn ní ọgbọ́n ni: díẹ̀díẹ̀ ni páàkì yóò fi gba ọ̀nà, lẹ́yìn náà yóò gba oko. Àníkẹ́, opó kan tí kòkó rẹ̀ pọ̀ jù lódìkejì, ti lọ wo àfárá náà láti òkè. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Wọ́n fẹnu kò pé bí àwọn bá ti jẹun tán, àwọn yóò gbà á kọjá.

Adéagbo ló pe Bàrákàt. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn ará kòtò fẹ́ gun àfárá, ó dà bí ẹni pé òun ti ba nǹkan jẹ́.

Bàrákàt gun ọ̀kadà. Ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀kadà dé kòtò, ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tó dé, wọ́n ti jẹun tán. Àníkẹ́ ti gbé apẹ̀rẹ̀ sórí. Odò ń hó lẹ́yìn igi, wọ́n ń gbọ́ ọ láti ibi tí wọ́n dúró sí.

Baálẹ̀ kò yí àga rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìyàwó Ifẹ̀, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ìròyìn ṣẹ́kù fún wa?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàrákàt kò rí ibi fi ojú sí. Ọkùnrin tí kò pè é ní nǹkan mìíràn rí ju "ọmọ mi" ló ń bá a sọ̀rọ̀ bí àlejò.

Àníkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ, Bàbá. Mo ti fojú mi rí i. Pákó pé. Bó bá jẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa, kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì wà lẹ́nu Bàrákàt. Òótọ́ ni. Ó lè fa fóònù yọ kí wọ́n rí àkókò tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí yóò já sí. Wọn yóò máa bá fóònù ṣẹjọ́, ẹlòmíràn yóò ní tòun ń gbà, ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni, Àníkẹ́ yóò sì ti dé àárín odò. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bi mi ni. Ọ̀rọ̀ àfárá kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹsẹ̀ mi ló yẹ kó gbé e wá, n kò sì gbé e wá. Ẹ bínú sí mi. Ẹ má tìtorí mi gun àfárá."

Ẹ̀rín dá. Baálẹ̀ wo orúnkún rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní kí ó dìde. Kò dìde.

Baálẹ̀ ní, "Ó dáa. Sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kankan kò tíì gbọ́."

Bàrákàt sọ ọ́. Kò gé e kúrú. "Òjò àná wọ́ ìtì igi wá, ó kọlu òpó àárín. Pákó òkè pé, òótọ́ ni Àǹtí Àníkẹ́ sọ. Òpó ìsàlẹ̀ ti fì. Ó lè gba ẹni tó ru ẹrù, ó lè má gbà á. Èmi kò mọ̀. Ọ̀gá kò mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Wọ́n ti ṣí ọ̀nà mọ́tò fún yín, ọ̀kadà lè wọ̀ ọ́, títí wọ́n yóò fi tún àfárá ṣe. Ó jìnnà. Ó tán."

Baálẹ̀ ní, "Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni, kì í sọ pé òun kò mọ̀." Kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn dìde, ó ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà fún òun, òun fẹ́ lọ wo kòkó òun.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Àníkẹ́. Kòkó yẹn ni ó fi ń tọ́ ọmọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bí ó bá bàjẹ́, ọdún náà lọ nìyẹn. Ọ̀nà jíjìn yóò jẹ ọjọ́ rẹ̀ tán. Àfárá wà nítòsí, kò ju ibi tí ó ń wò lọ. Ó wo apá odò, ó wo Bàrákàt. Ó pòṣé.

"Ọ̀nà jíjìn yìí, ìwọ lo máa bá mi ru apẹ̀rẹ̀ yìí."

Bàrákàt dìde, ó gba apẹ̀rẹ̀, ó gbé e rù. Ọ̀kadà kan gbé àwọn méjèèjì láti ibi tí ẹrẹ̀ parí sí. Ó bá Àníkẹ́ ṣí ewé, ó bá a yí kòkó, ó bá a fi ewé bò ó padà. Ọwọ́ rẹ̀ rùn títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Àníkẹ́ bi í bóyá ọkọ rẹ̀ tó kọ oúnjẹ lọ́jọ́sí ti jẹun. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Àfárá náà kò wó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn káfíńtà dé, wọ́n bá a lórí ìdúró. Òpó tó fì yẹn, okùn ni wọ́n fi fà á kí ó tó tú. Àwọn kan ní àwọn ì bá ti gbà á kọjá láìsí wàhálà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìgbàkígbà tí Àníkẹ́ bá rí Bàrákàt, yóò ní, "Ìyá Sùmáyà, àfárá rẹ kò mà wó o." Bàrákàt yóò ní a dúpẹ́. Kò ní fi nǹkan kan kún un.

Adéagbo ru iṣu lọ bẹ Baálẹ̀ nítorí àwàdà rẹ̀. Baálẹ̀ gba iṣu, ó ní kí ó máa mú èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ wá bí ó bá tún fẹ́ ṣàwàdà. Ní ti Bàrákàt, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọ̀nà, tàbí iná, tàbí odò, kì í fi fóònù rán an mọ́. Sùmáyà ọmọ rẹ̀ ní fóònù ló yára jù. Bàrákàt ní òun mọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àfárá tuntun, ó sọ ọ́ fún abà méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń wọn kòkó: òpó tuntun ni, pákó tuntun ni, ọ̀kadà kò gbọdọ̀ gùn ún. Ó tán. Àwọn ará abà méjèèjì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, wọ́n dúró, oníkálukú ń wo ẹnì kejì. Àníkẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sórí rẹ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Nígbà tó dé àárín, ó dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan gbá pákó, ó yíjú wẹ̀yìn.

"Ìyá Sùmáyà, ṣé kí n máa lọ?"

"Ẹ máa lọ, Àǹtí."

Àníkẹ́ bá ń lọ.