Katakata Tó Mọ Ẹ̀yìn Ju Iwájú Lọ

Ọkọ mi kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́, kò sì lóbìnrin níta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé katakata lọkọ mi fẹ́ lé mi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé katakata ńlá tó ń túlẹ̀ lóko ìjọba ni mò ń wí o. Kékeré lèyí. Bí ọkùnrin bá jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Àwọn òyìnbó míṣọ́ọ̀nù ló gbé e wá láyé àtijọ́, wọ́n fi ń gé koríko ọgbà wọn, wọ́n sì fi ń tú ilẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ̀yìn ilé míṣọ́ọ̀nù àtijọ́ kan ní Ilọra lọkọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti rí i, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà ní kí wọ́n kúkú máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó tún bá wọn tì í dé títì. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti yé wọn. Bí ènìyàn bá fún ọ ní nǹkan, tó sì ń làágùn láti bá ọ gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kó o fura.

Wọ́n gbé e dé àgbàlá wa ní Fìdítì, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lé e lórí. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta: ọkọ mi, tó ń tún fáànù àti rédíò ṣe, Tíṣà, bàbá Onítẹ̀bọmi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àlàyé, àti Alhájì, tó fi mọ́tò kó ọsàn lọ sí Ìbàdàn títí ojú fi ní kó sinmi, tó sì gbà pé kò sí ẹ́ńjìnnì tí òun ò lè fi etí mọ àìsàn rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Èmi kàn ń se ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ, mò ń fọ gíríìsì kúrò lára aṣọ, mo sì ń yọ nọ́ọ̀tì katakata kúrò lẹ́nu ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ò tíì mí o. Alhájì ní kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé. Tíṣà ní pupa ni àwọ̀ tí wọ́n bí i mọ́, òun ti rí pupa lára rẹ̀.

“Tíṣà, ìdógùn-ún lẹ rí,” ni Alhájì wí.

“Alhájì, ẹ jẹ́ ká fi ìmọ̀ ṣe é.”

“Ìmọ̀ yín náà ló ní ká kun ọkọ̀ tí kò lè rìn.”

Wọ́n kùn ún ní pupa. Ó ń dán. Àwọn aládùúgbò ń wá wò ó, ọkọ mi sì ń fi ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ nù ún.

Èmi ní tèmi, ilẹ̀ títú ni mo ń wá. Ìyá ọkọ mi yọ̀ǹda ilẹ̀ kan fún mi lọ́nà Imini pé kí n gbin àgbàdo, kí n lè máa sè é tà lẹ́bàá títì kí àgbàdo tó pọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àdéhùn kan tì í. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, ilẹ̀ á dẹ̀. Bí òjò kejì bá bá ilẹ̀ náà láìtú, àbúrò ọkọ mi á gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í kánjú kúrò nílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe bá àwọn alágbàṣe sọ̀rọ̀. Ọkọ mi lọ dá wọn dúró.

“Alágbàṣe kẹ̀? Nígbà tá a ní katakata?”

“Dádì, ère pupa la ní. Ẹ jẹ́ káwọn alágbàṣe wá.”

“Fọkàn balẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀.”

Mo fọkàn balẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ dé, ó lọ, òmíràn tún dé, òun náà lọ. Àwọn alágbàṣe gba iṣẹ́ sí Iware.

Ẹ́ńjìnnì tó bá katakata wá ti kú. Alhájì fi etí sí i, ó ní ó kàn sùn ni. Nígbà tí oorun náà ò tán, wọ́n lọ tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta àtijọ́ ti ìyá ọkọ mi, èyí tí wọ́n fi lọ ata fún ìdajì Fìdítì kí wọ́n tó ra tuntun. Kò gba ibi tó yẹ kó jókòó sí. Wọ́n bá yí i, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó wọlé wẹ́kú, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àgbàlagbà mẹ́ta, kò sẹ́ni tó béèrè pé bí ẹ́ńjìnnì bá kọjú sẹ́yìn, ibo ni ọkọ̀ fẹ́ gbà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ní Sátidé, wọ́n fi mọ́tò gbé katakata lọ sóko, èmi pọn ọmọ, mo gbé irúgbìn àgbàdo tẹ̀lé wọn. Alhájì ṣàdúà sí i. Tíṣà náà gbàdúrà, tirẹ̀ gùn jù, kí ti Alhájì má baà borí. Wọ́n wá fa okùn. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn, ó tú èéfín ata, gbogbo wa sín.

Ọkọ mi fi sí jíà kìíní. Katakata lọ sẹ́yìn, Tíṣà bẹ́ sínú igbó. Ó fi sí ìkejì. Ó tún lọ sẹ́yìn, ó yára díẹ̀ sí i. Ní ìkẹta, bí kì í bá ṣe igi ìrókò kékeré kan tó dá a dúró, à bá ti padà sí Fìdítì.

“Ó fẹ́ gbéra ni,” ni Alhájì wí.

Mo ní, “Ẹ fi sí rìfáàsì.”

“Ìyàwó wa,” ni Tíṣà wí láti inú igbó, “ẹ̀yìn ni rìfáàsì ń lọ.”

“Ẹ sáà fi sí i, sà.”

Ó lọ síwájú. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun èlò ìtúlẹ̀ tó fà sẹ́yìn sì ń ya ilẹ̀ bí ẹni ń ya aṣọ. Mo ti ń tú ọmọ kalẹ̀ nígbà tí Tíṣà ní kí wọ́n pa á. Ó ní ibo lèèyàn ti rí ẹni tó fi rìfáàsì túlẹ̀ rí, àwọn tó ń kọjá á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sílé ká tún un tú. Alhájì ní òótọ́ ni. Látọjọ́ tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnu wọn kò nìyẹn. Tíṣà ti mú sípánà. Ojú ọ̀run apá Iware sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mi ò pariwo. Mo sún mọ́ ọkọ mi.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ dá àwọn alágbàṣe dúró.”

Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀run. Ó gba sípánà lọ́wọ́ Tíṣà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tì í bọ àpò, ó sì padà sórí ìjókòó. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìdí tí mo fi gbà láti fẹ́ ẹ.

Jíà rìfáàsì yẹn ò fẹ́ dúró, ó ń fò jáde. Ọwọ́ kan ló fi dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì dárí ọkọ̀. Poro rẹ̀ wọ́ bí ọ̀nà ejò. Alhájì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi etí gbọ́ àìsàn. Tíṣà lọ dúró létí títì, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọlọ́kadà pé ètò ìgbà díẹ̀ ni. Èmi ń tẹ̀lé poro, mò ń fi gìgísẹ̀ dá ihò, mò ń sọ hóró àgbàdo sí i, ọmọ jókòó sábẹ́ igi, ó ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ tó sàn ju nọ́ọ̀tì lọ.

Ó ku díẹ̀ kílẹ̀ náà tú tán nígbà tí àbúrò ọkọ mi dé lórí ọ̀kadà, tòun ti ìdì igi ẹ̀gẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí poro yín ń rìn bí ọ̀mùtí?”

“Má dá mi dúró,” lọkọ mi wí, kò yíjú padà. “Tó bá kú, kò ní jí mọ́.”

Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ já lé mi léjìká. Àbúrò ọkọ mi dúró, ó wo ilẹ̀ títú, ó wo agbọ̀n irúgbìn mi tí mi ò tíì gbìn dé ìdajì. Ó gbé igi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ẹ̀bá igi, ó tẹ́ ọwọ́ sí mi.

“Ìyàwó, bù díẹ̀ wá. Òjò ń bọ̀.”

Mo da hóró sí i lọ́wọ́. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, kó sì tẹ̀lé poro bó ṣe wọ́, kó má wá èyí tó tọ́.