Ìwé tí Bọ̀dá Múfú ń dì

Ìwé tá à ń dì lónìí ló sọ fún ẹni tó ń dì í pé ewu wà lórí ẹ̀mí rẹ̀.

Dókítà kan gbé ìwádìí rẹ̀ wá sílé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú. Ó dá lórí bí wọ́n ṣe lè dá díẹ̀ sí nínú sípílìn tó fàya, ẹ̀yà ara tó ń bá àìsàn jà.

Mo kà á sókè: “Ẹni tí kò ní in mọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ibà.”

Bọ̀dá Múfú gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀.

“Wọ́n yọ tèmi nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbá mi ní Fádèyí.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń mu àgbo ibà láti ìjẹta?”

“Àwọn tó yọ ọ́ ló ní mi ò nílò sípílìn náà!”

A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì ti dá a dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú báyìí.

Ẹ gbà mí, ta ló yẹ kó ti sọ fún un? Àbí inú ìwé ilé ìwòsàn tí ẹnikẹ́ni ò kà fún un nígbà yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí?