Ìyá Tí Kì Í Pe Àkọ́bí Rẹ̀ Lórúkọ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń dúpẹ́ láìsí pé ọpẹ́ náà ń dé ọkàn mi. Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé ẹnu kì í dúró de ọkàn kó tó dúpẹ́, nítorí náà mi ò dáwọ́ dúró. Tí mo bá kírun àárọ̀ tán ní Gomari, àdúgbò wa lókè Ọya níbí, màá ní Alhamdulillahi, màá fi ìborùn borí, màá wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Khaddamari, níbi tí àwa tí à ń tọ́jú ọmọ àti ìdílé tí ogun tú ká ti máa ń ṣèpàdé. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́kún tẹ́lẹ̀, mo ń gbọ́ ọ báyìí bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà.

Ẹgbẹ́ obìnrin mọ́sáláṣí wa ni mò ń ṣojú fún. Obìnrin kan wà láti ọ́fíìsì ìjọba, ọmọ Kánúrí ni. Pásítọ̀ kan náà wà, tó ń bójú tó ilé tí ìjọ wọn ń kó àwọn ọmọ tó sọnù sí. Èdè Hausa la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Tí a bá ti gbàdúrà tèmi tìẹ tán, a ó ka ohun tí gbogbo wa jọ fẹnu kò sí: ọmọ ló ṣáájú, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ló yẹ kó padà sí, bí kò bá ti sí ewu, bákan náà la ó sì ṣe sí gbogbo èèyàn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló bí òfin kan: òbí tó bá wá gba ọmọ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ náà. Kó tó di pé a ṣe òfin ọ̀hún, ẹnì kan ti wá gba ọmọ ọlọ́mọ lọ. A ò rí ọmọ náà mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, obìnrin kan wá láti ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Ó ní ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ Pásítọ̀, ọmọ òun ni, pé ìgbà tí àwọn sá kúrò lábúlé ni àwọn pínyà. Ọmọ náà wà ní yàrá kejì. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn. Bí a ò bá gbà pé ìyá rẹ̀ nìyí, wọ́n á kó o mọ́ àwọn tí kò lẹ́ni lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Kí lorúkọ ọmọ yín?" ni obìnrin ìjọba bi í.

Ó fa ìborùn bojú.

"Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́?"

Ó dárúkọ wọn kíákíá, títí kan èyí tó kú lójú ọ̀nà.

"Ti ẹ̀gbọ́n wọn wá ńkọ́?"

Ó tẹjú mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe é. Àkọ́bí rẹ̀ lọmọ náà. Lọ́dọ̀ àwọn Kánúrí bíi tirẹ̀, ìtìjú ni kí ìyá pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, tàbí kó gbá a mọ́ra lójú èèyàn. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi nítòsí Post Office nílùú yìí ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. "Ẹni yẹn" ni ìyá onílé wa máa ń pe ọmọ rẹ̀ àgbà. Síbẹ̀ kò wọ̀ mí lára rí. Ìyá tèmi kì í jí mi láìki oríkì mi, títí ojú á fi máa tì mí níwájú àwọn ọmọ àdúgbò.

"Ọmọ rẹ̀ ni," Pásítọ̀ wí. "Ẹ wojú wọn. Ẹ jẹ́ kó máa mú un lọ."

"Ojú ẹni tó gba ọmọ lọ níjọ́sí náà jọ ti ọmọ," ni obìnrin ìjọba fèsì.

"Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Kánúrí lẹ̀ ń sọ báyìí?"

"Àkọ́bí ni mí, Pásítọ̀. Ìyá mi kú láìpe orúkọ mi rí. Tí mo bá yọ̀ǹda fún èèyàn mi, tí ẹ̀yin náà yọ̀ǹda fún tiyín, kí la wá jọ ń kà níbí?"

Pásítọ̀ kọjú sí mi. "Hajiya, ẹ̀yin Yorùbá kì í ṣàìrí ọ̀nà àbáyọ. Ẹ bá wa wá a."

"Ọmọ ló ṣáájú," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká bi ọmọ."

Mo wọ yàrá kejì. Orí ẹní ló jókòó sí, ó ń tu etí ẹní náà.

"Báwo ni màmá rẹ ṣe máa ń pè ọ́?"

"Kì í pè mí." Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

"Tí oúnjẹ bá wá jinná ńkọ́?"

"Ó máa ń kan nǹkan."

Mo ní kó kàn án fún mi. Ó fi ìka kan ògiri: kọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kọ́-kọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ wọn, mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Mi ò sọ ohun tí mo gbọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn bi obìnrin náà pé tí oúnjẹ bá jinná, báwo ni àgbà ọmọ rẹ̀ ṣe ń mọ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó fi kan irin àga tó jókòó lé.

Kọ́. Kọ́-kọ́.

Kí n tó ṣàlàyé fún àwọn tó kù, ọmọ náà ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, kò fara kàn án. Obìnrin náà kò gbójú sókè; ẹsẹ̀ ọmọ náà ló ń wò. Pásítọ̀ nu ojú ara rẹ̀ nígbà tí mo sọ pé bí ọmọ ṣe kàn án fún mi nìyẹn.

"Ó ti pè é," ni obìnrin ìjọba wí, ó sì buwọ́ lùwé.

Mo dúró kí nǹkan kan dé ọkàn mi. Kò dé. Mo ní Alhamdulillahi.

Ìyá ṣáájú jáde, ọmọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn lókèèrè díẹ̀ bí ẹni tí wọn ò jọ rìn. Ìyá wọ kẹ̀kẹ́, kò wẹ̀yìn. Mo gbọ́ ọ tó kan irin kẹ̀kẹ́ náà, ọmọ sì wọlé tọ̀ ọ́. Mo lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Àìlà.