Ìgbà Tí Wọ́n Ní Mo Ń Yínmú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí iṣẹ́ ilé tí mo fẹ́ràn tó kí n máa rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bó ṣe máa ń fà yọ̀ọ̀ lọ́wọ́, tí òórùn ẹja yíyan á sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Nígbà ọyẹ́ kan, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Itọ́ lásán kò ṣeé gbé mì. Ìyá mi po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi fọ ọ̀fun, ó lọ. A gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Abọ́ á já bọ́, ewùrà á fò sínú eérú. Mi ò mọ̀ pé ojú mi náà ń ṣe tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan, àfi gbòlà létí mi!

"Èmi lò ń yínmú sí? O kúnlẹ̀ tán, o tún ń yínmú?"

Wọ́n ní kí n wà lórí ìkúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ ò dúró, ó ń jó fúnra rẹ̀. Wọ́n bá fi kún ìyà mi. Gbogbo rẹ̀ ń ṣe mí bí ẹni tó ń lálàá, mo ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n ó dùn mí o, nítorí mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà.

Ìyá mi ló bá mi níbi tí mo jókòó sí, tí mo kọjú sí ògiri, tí ẹnu mi ń lọ sọ́tùn-ún sósì. "Ha! Ta lọmọ yìí wá ń yínmú sí? Ṣé ògiri ni?" Kíá, ó di ọsibítù.

Dókítà gbọ́ àyà mi títí. "Kì í ṣe àfojúdi o, Màmá. Àìsàn ọ̀fun tí ẹ ní ó ṣe é lọ́jọ́sí ló ń mú ọwọ́ àti ojú rẹ̀ jó fúnra wọn. Kì í sábàá rí báyìí, ṣùgbọ́n ó ti kan ọkàn rẹ̀. Ẹ má fi ṣeré."

Ìyá Àgbà gbọ́, wọ́n bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, má bínú, ojú lásán ni mo wò." Láti ìgbà náà, àwọn ló ń mú mi lọ gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù kí àìsàn ọ̀fun náà má bàa padà, títí mo fi dàgbà.

Láyé òde òní, bí ọ̀fun bá dun ọmọ mi, a ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n á sì yínmú síni gbangba. Bí tèmi bá yín in, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé aláfojúdi lásán ni.