Awọ Apá Mi

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Fìdítì. Mo lè ya ẹyin obìnrin sójú pátákó láìwo ìwé, bẹ́ẹ̀ ara tèmi ò ní ẹyin. Kò pẹ́ tí mo délé ọkọ ni àìsàn kọ lù mí nísàlẹ̀ ikùn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Ìbàdàn. Àpò ẹyin méjèèjì ni wọ́n yọ. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Awẹ́. Ó ń wá kí mi, nígbà tó yá kò wá mọ́.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ìwádìí nílùú òyìnbó. Lọ́jọ́ Àìkú kan tó pè mí, mo bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

"Mọ́mì Fìdítì, eku là ń lò. A ó mú kókó inú sẹ́ẹ̀lì awọ, a ó fi sínú ẹyin tí a ti yọ kókó tirẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bí ọlẹ̀. Kó tó lórí tó lẹ́sẹ̀, a ó kó àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, torí wọn ò tíì yan ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Àwọn yẹn la wá ń tọ́, kí wọ́n lè di ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹyin tàbí àtọ̀."

Mo ń wo awọ apá mi.

"Tó bá jẹ́ awọ tèmi ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Kò tíì di ẹyin gan-an. Ti èèyàn ṣì jìnnà."

"Mo mọ̀," ni mo wí. Mo kúkú mọ̀. Mo ti fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ilé-ìwé jáde, mo wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlọrà. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì mi.

"Eku yẹn, ṣé ó ti wá bímọ?"

"Wọn ò tíì débẹ̀, Ìyá."

Ó bó ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Ló bá ní, "Ṣé ó máa ń dùn ọ́?"

Láti ìgbà iṣẹ́ abẹ yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Àdúrà ni gbogbo wọn ń gbà fún mi.

"Ó ń dùn mí."

Ó sún díẹ̀ lórí àga, mo jókòó tì í, a jọ bó ẹ̀gúsí náà tán.

Nígbà tí mo padà délé, ilé dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Èmi fúnra mi ló pe ọmọ àbúrò mi lọ́tẹ̀ yìí.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì yín ńkọ́?"

"Wọ́n kú, mà. A ti tún òmíràn bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni mo sọ fún un.